Ẹja Inú Ọ̀sà Ìlú: Èwo Ni Kí A Jẹ, Èwo Ni Kí A Fi Sílẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Bí ènìyàn bá dúró létí ọ̀sà ní Èkó ní àárọ̀ kùtùkùtù, yálà ní Mákòókó, ní Ẹbúté Mẹ́tà tàbí ní Bàrígà, yóò rí àwọn apẹja tí ń gúnlẹ̀ pẹ̀lú epìyà, ọ̀bọ̀kún, edé àti akàn. Ẹja náà tutù, ẹ̀mí ṣì wà nínú òmíràn. Ṣùgbọ́n omi tí a ti mú un jáde dúdú, ó ń rùn, ọ̀rá sì léfòó lórí rẹ̀. Ìyá tí ó fẹ́ rà á yóò dúró díẹ̀, yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé: ǹjẹ́ ẹja yìí ṣe é fún ọmọ jẹ?

Ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí a ṣáà sè é kí ó jinná, nítorí iná ń pa gbogbo ìdọ̀tí. Àwọn mìíràn ní kí a má ṣe fi ẹnu kan ẹja ìlú mọ́ títí ayé. Ìdáhùn kìíní lè ba ọmọ jẹ́. Èkejì lè fi ebi pa ilé, nítorí kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti ra ẹran, ẹja sì jẹ́ ọ̀kan nínú oúnjẹ tí ó dára jù lọ fún aboyún àti ọmọdé. Ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀sìn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlùkùránì, nínú Súrátù Máídà ẹsẹ 96, ti sọ ẹran inú omi di hàlálì fún wa. Ní ọ̀nà Ìmáámù Máliki tí a ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í dúńbú ẹja kí ó tó ṣe é jẹ. Dídọ̀tí omi nìkan kò sì sọ ẹja di hàrámù. Ṣùgbọ́n Súrátù Bákárà ẹsẹ 168 so nǹkan méjì pọ̀ nípa oúnjẹ wa: kí ó jẹ́ hàlálì, kí ó sì jẹ́ ohun tí ó dára. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ mọ èyí. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹran tí ń jẹ ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kí a so ó mọ́lẹ̀, kí a máa fún un ní oúnjẹ tí ó mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó pa á. Èyí fi yé wa pé ohun tí ẹran ń jẹ kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò dá. Hàlálì ni ẹja náà. Bóyá ó dára fún ara ni ìbéèrè tí ó kù, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ àlùfáà nìkan ni a ó ti rí ìdáhùn rẹ̀.

Kí ni ó wà nínú omi náà? Ọ̀sà Èkó gùn ju 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n kò jìn púpọ̀. Odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tóóró kan ní etíkun Èkó ni ó sì fi ń dé òkun ńlá. Nítorí náà, ohun tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ kì í tètè jáde. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Ní Ìddó, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni àwọn ọkọ̀ tí ń fa ìgbọ̀nsẹ̀ láti inú ṣáláńgá ilé wa ti tú u sínú omi. Ní Òkòbàbà ni a ti la gẹdú fún ọjọ́ pípẹ́, tí lẹ́búlẹ́bú pákó sì dà sínú ọ̀sà. Odò Ìyá Aláró gba ẹ̀bá àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ Ìkẹjà kọjá kí ó tó dé ọ̀sà, ó sì ń gbé ohun tí wọ́n bá dà sí i dání. Lẹ́yìn èyí ni gbogbo gọ́tà ìlú, pẹ̀lú ọ́ìlì ọkọ̀, omi bátìrì, nylon àti ìdọ̀tí ọjà.

Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wà létí ọ̀sà yìí gan-an, ti ń yẹ ẹja àti ẹrẹ̀ ibẹ̀ wò láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ti rí òjé, kádíọ́mù àti àwọn irin mìíràn tí ó lè pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n rí kò dọ́gba. Ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ọ̀sà kan náà, ó sì yàtọ̀ láti ẹja kan sí èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a bá dé ọjà.

Ohun tí ń pani lára nínú ẹja ìlú pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ní ẹ̀mí, ọ̀kan kò ní.

Èyí tí ó ní ẹ̀mí ni kòkòrò àìsàn àti aràn. Kòkòrò àrùn onígbáméjì, èyí tí a ń pè ní kọ́lẹ́rà, lè wà nínú omi tí ìgbọ̀nsẹ̀ dà sí, ó sì lè wà lára edé, akàn àti ìṣáwùrú inú omi bẹ́ẹ̀. A kò gbàgbé pé kọ́lẹ́rà tún jà ní Èkó ní ọdún 2024. Lẹ́yìn òjò ńlá, nígbà tí àgbàrá bá gbá gbogbo gọ́tà lọ sínú ọ̀sà, ni irú kòkòrò yìí ń pọ̀ sí i. Ní ti èyí, òótọ́ ni àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé iná ń sọ. Ẹja tí ó jinná dé egungun, tí a kò sì tún fi ọwọ́ ìdọ̀tí tàbí ọ̀bẹ tí a fi ṣe ẹja tútù kàn, kò ní kòkòrò nínú mọ́.

Èyí tí kò ní ẹ̀mí ni òjé, kádíọ́mù, mẹ́kúrì, àti kẹ́míkà ilé iṣẹ́. Ibí ni ọ̀rọ̀ iná ti parí. Iná kò lè pa ohun tí kò ní ẹ̀mí. Bí a bá se ẹja olóró fún wákàtí mẹ́ta, irin náà ṣì wà nínú ẹran rẹ̀. Bí a bá yan án, omi ara rẹ̀ ni ó gbẹ, irin kò bá omi lọ. Nítorí náà ìwọ̀n kan náà ẹja yíyan lè ní irin nínú ju ti ẹja tútù lọ. Ata, iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti áláọ̀mù kò lè yọ ọ́. Dídá ẹja sí inú agbada omi tí ó mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta lè mú òórùn ẹrẹ̀ dínkù, kò lè yọ mẹ́kúrì tí ó ti di ara ẹran rẹ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ojú àwọn ará Minamata rí, ìlú kan létí òkun ní ilẹ̀ Jàpáànì. Ilé iṣẹ́ kan tí a ń pè ní Chisso wà níbẹ̀. Láti ọdún 1932 títí di 1968 ni ó fi ń lo mẹ́kúrì, irin funfun tí ń ṣàn bí omi, nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sínú òkun níwájú ìlú. Ológbò ni ó kọ́kọ́ fara gbá a. Àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì, wọ́n ń yí po bí ẹni ń jó, wọ́n sì ń kú. Lẹ́yìn náà ni ó kan ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956 ni a gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan dé ilé ìwòsàn, kò lè rìn dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ni ilé ìwòsàn fi tó ìjọba létí pé àìsàn kan tí a kò mọ̀ ti wọ ìlú. Ó di ọdún 1968 kí ìjọba tó sọ ọ́ gbangba pé mẹ́kúrì láti ilé iṣẹ́ náà ni. Àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí pé àìsàn náà mú ju 2,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì kú.

Èyí tí ó kan ẹ̀yin ìyá jù lọ nínú ìtàn yìí ni ti àwọn ọmọ inú. Àwọn ìyá kan wà ní Minamata tí ara tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe ohunkóhun. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn. Ṣùgbọ́n wọ́n bí ọmọ tí kò lè jókòó, tí kò lè sọ̀rọ̀. Mẹ́kúrì ti gba inú ibi-ọmọ kọjá, ó sì ti ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ kí a tó bí i. Òjé náà ń gba ọ̀nà yìí kan náà. Nítorí náà, bí aboyún bá ń sọ pé òun ti ń jẹ ẹja yìí tipẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe òun, ara rẹ̀ nìkan ni ó ń jẹ́rìí fún. Kò tíì jẹ́rìí fún ọmọ inú rẹ̀.

A kò sọ pé Èkó ti di Minamata. Irú mẹ́kúrì tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ojú kan ṣọ̀wọ́n ní ayé. A mú ìtàn náà wá kí a lè mọ bí oró ti ń rìn nínú omi. Kòríko omi àti kòkòrò kéékèèké ni ó kọ́kọ́ gbé e mì. Ẹja kékeré jẹ wọ́n, ó sì gba oró gbogbo ohun tí ó jẹ. Ẹja ńlá jẹ ọgọ́rùn-ún ẹja kékeré, ó gba ti gbogbo wọn. Bí ẹja náà bá sì ti pẹ́ láyé tó, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́kúrì ara rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹja ńlá tí ọkọ ń yọ̀ sí lórí tábìlì lè léwu ju ẹja kéékèèké tí ó kún inú igbá lọ.

Ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, odò Hudson gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá. Ilé iṣẹ́ General Electric da kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PCB sínú odò náà láti nǹkan bí ọdún 1947 títí di 1977. Ní ọdún 1976 ni ìjọba fi òfin de ẹja pípa ní apá òkè odò náà. Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ìlera ìpínlẹ̀ náà a máa tẹ ìwé jáde tí ó ń sọ fún ará ìlú pé ẹja báyìí láti omi báyìí ṣe é jẹ, tọ̀hún kò ṣe é jẹ. Nínú ìwé náà, ìmọ̀ràn fún obìnrin tí ó ṣì lè bímọ àti fún ọmọdé le ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ ṣe àkíyèsí pé wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹja mọ́. Ibi tí a ti pa á, irú ẹja tí ó jẹ́, àti ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ni wọ́n ń wò.

Àwa náà lè wo nǹkan mẹ́ta yìí lọ́jà. Kìíní, ẹ bi ẹlẹ́ja pé: níbo ni ọkọ yín ti pa á? Ẹ fi ọ̀yàyà bi í. Ẹni tí ń tajà lójoojúmọ́ mọ ibi tí ọjà rẹ̀ ti wá. Ẹja tí a pa ní ojú agbami ọ̀sà, tàbí ní apá ibi tí ilé kò pọ̀ sí, sàn ju èyí tí a pa ní ẹnu gọ́tà, ní ẹ̀bá ibi tí wọ́n ń da ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí nísàlẹ̀ odò tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń da omi sí. Ní ti ẹja tí àwọn ọmọ wa ń fi ìwọ̀ fà nínú gọ́tà ńlá àdúgbò, ẹ má ṣe sè é rárá. Ẹ bá wọn wí pẹ̀lú sùúrù, kí wọ́n má sì gbé e fún aládùúgbò.

Èkejì, ẹ wo bí ó ti tóbi tó àti ohun tí ó ń jẹ. Epìyà kékeré tí ń jẹ ewéko omi sàn ju ẹja ńlá tí ń pa ẹja mìíràn jẹ ní ti mẹ́kúrì. Ẹja tí ń gbé inú ẹrẹ̀ sábà máa ń pàdé òjé ju èyí tí ń wẹ̀ lójú omi lọ. Ìṣáwùrú àti irú wọn tí kì í kúrò lójú kan ń gba ohun gbogbo tí ó wà lójú ibẹ̀ sára. Ẹ má ṣe rà wọ́n bí ẹ kò bá mọ omi tí wọ́n ti wá.

Ẹ̀kẹta, ẹ ro ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Àgbàlagbà tí ó jẹ ẹja ọ̀sà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ìdí láti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n aboyún, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, àti ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ẹja omi ìdọ̀tí ìlú ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ohun kan tún kù tí a gbọ́dọ̀ wò: báwo ni ẹja náà ṣe kú? Àwọn aláìbẹ̀rù Ọlọ́run kan wà tí ń da Gammalin 20, oògùn apakòkòrò oko kòkó, sínú omi kí ẹja lè kú léfòó. Òfin Nàìjíríà kò gbà á, oògùn náà sì jẹ́ májèlé fún ènìyàn. Bí ẹ bá rí ẹja púpọ̀, ńlá àti kékeré, tí wọ́n kú léfòó lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí ẹja ń rùn bí kẹ́míkà tàbí kẹrosíìnì, ẹ má ṣe rà á bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Òtítọ́ ni pé òkú ẹja kì í ṣe hàrámù ní ọ̀nà Máliki, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn kò sọ ohun tí ó pa á fún wa, kò sì sí ẹ̀sìn tí ó ní kí a gbé májèlé mì.

Ní ilé ìdáná, ẹ yọ ìfun, ẹ̀dọ̀ àti etí ẹja kúrò pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni òjé àti kádíọ́mù máa ń pọ̀ sí. A mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ ẹja. Kí wọ́n fi ti ẹja ọ̀sà ìlú sílẹ̀. Bí ẹja bá sanra, ẹ gé awọ àti ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò, nítorí inú ọ̀rá ni irú kẹ́míkà bíi PCB ń fi ara pamọ́ sí. Ti akàn, ẹ kó ohun rírọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tàbí ewé tí ó wà nínú karawun rẹ̀ dànù, kí ẹ sì da omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ nù. Ẹ má ṣe fi se ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ se é kí ó jinná dáadáa. Bí ẹ bá ń yan ẹja, igi gbígbẹ ni kí ẹ dá. Nylon, fóòmù, táyà àti pákó tí a kùn ní ọ̀dà ń fi oró mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọ̀rọ̀ yìí sá fún ẹja. Ẹja ń mú ara dàgbà, ọ̀rá rere inú rẹ̀ sì ń ran ọpọlọ ọmọ inú lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà ni pé kí aboyún jẹ ẹja tí mẹ́kúrì rẹ̀ kéré ní ìgbà méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹja Titus inú yìnyín, sàdíìnì àti pànlá wà nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀. Ẹja àrọ̀ tí a sìn nínú odò àtọwọ́dá náà dára, bí omi rẹ̀ bá mọ́ tí a kò sì fi òkú ẹran bọ́ ọ. Ẹ máa pààrọ̀ wọn. Kí ọ̀sẹ̀ kan má jẹ́ ti ẹja kan ṣoṣo láti omi kan ṣoṣo. Bí a bá ń pààrọ̀, ohun búburú kan kò ní rí àyè kó jọ sí wa lára.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan gbogbo wa. Ìyá ẹlẹ́ja tí ó jókòó létí ọ̀sà kọ́ ni ó ba omi jẹ́. Òun náà ń fi ẹja yìí bọ́ ọmọ tirẹ̀, omi tí ó sì ń dọ̀tí ń pa á lówó lójoojúmọ́. Ó yẹ kí ìjọba mú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń da oró sínú odò, ó sì yẹ kí àwa béèrè fún un. Ṣùgbọ́n gọ́tà iwájú ilé wa náà, ọ̀sà ni ó ń lọ. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà sí i, omi bátìrì tí bàbá ilé tú dànù, àti ìkókó-ìdọ̀tí ọmọ tí a dì sínú nylon jù sí àgbàrá, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ní Minamata, a kó ẹrẹ̀ olóró kúrò nísàlẹ̀ omi, síbẹ̀ ọdún 1997 ni gómìnà ibẹ̀ tó lè kéde pé ẹja omi náà ti dára láti jẹ. Ọdún mọ́kànlélógójì ni èyí lẹ́yìn tí a gbé ọmọbìnrin kékeré nì dé ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ kó àwọn ọmọ jọ, kí ẹ fi gọ́tà hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ ibi tí ó ń lọ fún wọn. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ẹnu gọ́tà parí sí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì sí i lójú rẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba fi oúnjẹ tí ó jẹ́ hàlálì tí ó sì dára bọ́ wa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.